2025: Ọdún tí mo nu pélé Ìyá Àgbà kúrò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ látìgbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní fọ́tò ní Taiwo, ní Ìlọrin, ẹ mọ̀ pé tí ọdún bá ti ń parí báyìí, mo máa ń jókòó ka oore Ọlọ́run lóṣooṣù. Tọdún yìí ò lè rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní kí ni mo ṣe ní oṣù kejì, wàláì mi ò rántí. Mo ya wòlímọ̀, mo ya ìgbéyàwó, mo sanwó ṣọ́ọ̀bù, ó tán. Ohun tó kù lójú mi nínú 2025 ò ju fọ́tò kan ṣoṣo lọ, èyí tí mo ya Ìyá Àgbà lọ́jọ́ Iléyá, ní oṣù kẹfà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òmù-Àrán.

Ẹ ṣáà mọ Ìyá Àgbà. Àwọn ló ń pe láptọ́ọ̀pù mi ní wàláà oníná. Wọn kì í fẹ́ kí èèyàn ya àwọn, wọ́n máa ń ní ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn kó wá kí àwọn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn àwọn fúnra wọn ni wọ́n fa àga síta, wọ́n da ìbòrùn funfun borí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ìkejì ló mú. Mi ò rí fọ́tò tó dáa tó bẹ́ẹ̀ yà rí.

Mo padà sí Ìlọrin, mo ṣí i nínú GIMP, ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe lórí láptọ́ọ̀pù, mo wá ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe ojú ìyàwó. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì heal, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu. Ṣé ẹ rí búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ máa tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, ẹ máa tọ́ka sí ibi tí awọ ti dán, á bu nínú ẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe, á wá fi àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pò ó tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ irorẹ́ ni, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ irorẹ́ sí ilà. Pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì, mo nu gbogbo ẹ̀ torí ọwọ́ mi ti mọ́ ọn láti máa lé ohun tó bá ti fa ìlà lójú èèyàn. Orí fọ́tò gan-an ni mo ti ń ṣe é, mi ò ṣí léyà kankan, ìyẹn ìpele tí èèyàn ń gbé lé orí fọ́tò kó má baà fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, mo fi JPG tuntun borí ti tẹ́lẹ̀, mo wá pa gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mórì kámẹ́rà rẹ́ torí mo ní wòlímọ̀ lọ́jọ́ kejì lápá Ọjà-Ọba, mo nílò àyè.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mà rẹwà o. Ọmọ ta ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń yìn mí.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ mọ́jú lọ́jọ́ yẹn, mo pa ohùn fóònù kí n lè sùn. Nígbà tí mo máa jí, ọ̀sán ti pọ́n, ìpè mẹ́rìnlá ni mo bá. Kí n tó dé Òmù-Àrán wọ́n ti sin wọ́n. Ẹ ẹ́ rántí pé Ìyá Àgbà kì í dúró de mọ́tò kó kún ní Garaji Ọ̀fà, wọ́n á ní iye wo ni àga tó ṣófo, wọ́n á sanwó ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n padà sórí fọ́tò.

Bùọ̀dá mi ní ti Iléyá yẹn ni ká fi ṣe bánà fìdáù. Mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí wa, àbúrò bàbá mi, kí wọ́n wò ó. Wọ́n pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn ò kí mi, wọ́n ní, "Pélé wọn dà?" Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn, ìjọ kẹjọ ni fìdáù. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Mo wá ojúlówó fọ́tò náà nínú láptọ́ọ̀pù, nínú fóònù, nínú mẹ́mórì, kò sí níbì kankan.

Inú àpótí wọn ni Àǹtí ti bá mi rí ọ̀kan, wọ́n fi bírò kọ 1994 sẹ́yìn ẹ̀. (Mo wá rí i kà lẹ́yìn náà pé ọdún yẹn náà ni Photoshop 3.0 kọ́kọ́ gbé léyà jáde, ìyẹn ṣe mí ní kàyéfì.) Àwọ̀ fọ́tò náà ti di pupa rúsúrúsú, àmọ́ pélé hàn kedere. Mo ní kí wọ́n bá mi scan ẹ̀ ní 600 dpi, mo gbé e lé orí ti Iléyá gẹ́gẹ́ bíi léyà kejì, mo dín opacity ẹ̀, ìyẹn bó ṣe hàn tó, kù sí ìdajì kí n lè máa rí ojú méjèèjì pọ̀, mo wá ń yí i, mo ń sún un, títí ẹyinjú fi bọ́ sórí ẹyinjú. Obìnrin tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún àti ìyá arúgbó nínú ojú kan náà. Mo kọ́kọ́ dìde kúrò nídìí ẹ̀ ná.

Bùọ̀dá mi ní kí n ya ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sọ́tọ̀, kí n dojú ẹ̀ kọ òsì, kó yá. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ló mọ ìtàn yẹn, pé nígbà tí olóòlà dé ìlà kẹta lápá òsì, ọmọ náà já ara ẹ̀ gbà, ibẹ̀ ló dúró sí, kò gùn tó àwọn yòókù. Tí mo bá dojú ọ̀tún kọ òsì, mo tún ti pa ìtàn yẹn rẹ́ nìyẹn.

Máàsìkì ló yọ mí. Mo ti máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá mi tipẹ́, mi ò fọkàn sí i. Ó dà bí ìbòrùn tí ẹ dà bo léyà: ibi tó bá funfun, ohun tó wà lórí léyà yẹn á hàn, ibi tó bá dúdú, á farasin, ibi tó bá jẹ́ eérú, á hàn fírífírí. Mo fi máàsìkì dúdú bo fọ́tò 1994 látòkè délẹ̀, kò sí ohun tó hàn nínú ẹ̀ mọ́, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kékeré, opacity 15, máa pe ilà kọ̀ọ̀kan jáde. Tí mo bá kọjá ààlà, mo tẹ X, búrọ́ọ̀ṣì di dúdú, mo bò ó padà. Kò sí ohun tó sọnù. Mo ń tẹ X, mo ń tẹ X, wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Ìbejì tó ń ta wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní kí n fa wáyà wá láti orí jẹnẹrétọ̀ àwọn, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run á ṣàánú wọn.

Ìmọ́lẹ̀ ni ò kọ́kọ́ bára mu. Fíláàṣì ni wọ́n fi ya ti 1994, iwájú ló ti wá, ti Iléyá sì gba ẹ̀gbẹ́, torí náà ilà rí pẹlẹbẹ bí ohun tí èèyàn fi bírò fà. Mo ṣí léyà mìíràn tó jẹ́ eérú 50%, mo fi í sí Overlay, kí eérú fúnra ẹ̀ má hàn, kó jẹ́ òjìji àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ló máa hàn, mo wá rọra fi burn ṣe òjìji sí etí ilà kọ̀ọ̀kan, mo fi dodge tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí etí kejì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wọnú awọ lọ. Òru méjì gbáko ni.

Lọ́jọ́ fìdáù, Àǹtí dúró níwájú bánà, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà kẹta lápá òsì. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n lọ bá wọn bu oúnjẹ.

Nígbà tí a lọ fún àdúà ogójì ọjọ́ wọn, mo kó àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo ti débẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ìwé, mi ò wo ojú àwọn ère òkúta yẹn dáadáa nígbà náà. Ilà wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láṣọ.

Látìgbà yẹn, mi ò fọwọ́ kan fọ́tò ẹnikẹ́ni lórí ara ẹ̀ mọ́. Léyà òfìfo ni mo ń ṣí, mo máa tẹ Sample merged, heal á máa wo ìsàlẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ lókè. GIMP 3.0 tó jáde ní oṣù kẹta tún jẹ́ kí filter pàápàá ṣeé yí padà lẹ́yìn tí èèyàn ti lò ó, orí láptọ́ọ̀pù mi ló wà látìgbà tó ti jáde. Gbogbo iṣẹ́ ni mo ń fi pamọ́ sí XCF, fáìlì GIMP tó ń tọ́jú léyà, JPG ò lè gbé léyà, ti kọ́sítọ́mà nìyẹn. Mo sì ń bi àwọn ìyàwó kí n tó bẹ̀rẹ̀ pé kí ni wọn ò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Ọ̀kan ní Tanke ní àmì dúdú tó wà létí ẹnu òun, pé òun ni ọkọ òun kọ́kọ́ rí, kí n má dán an wò.

Ẹ̀yin tí ẹ fi àdúà ránṣẹ́ ní oṣù kẹjọ, tí mi ò dá lóhùn, mo kà gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣeun. Ọ̀gá mi, ẹ kú ìfaradà, ẹ ti sọ̀rọ̀ máàsìkì yẹn tó.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà kan ló kù tó ní pélé nínú ilé wa. Wọ́n ti ní kí n wá ya àwọn ní oṣù kìíní tí ọyẹ́ bá dín kù, tí Ọlọ́run bá fẹ́. Mo ti ra mẹ́mórì kejì sílẹ̀ fún un.