Ọ̀tún wo la ń sọ gan-an?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Leipzig, ní Jámánì, ju ìbéèrè sórí gúrúùpù ẹbí wa: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀tún paraku (far right) kan náà ni Reform, ẹgbẹ́ òṣèlú Farage tó wà lọ́dọ̀ yín ní Ìlú Ọba, àti ẹgbẹ́ AfD tiwa níbí?" Kí n tó dáhùn, Màmá ti dá sí i. Wọ́n ní kí ló dé tá a fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀tún láìdáa, ṣebí Ọ̀tún Balógun ni bàbá àwọn. Ẹ̀rín pa mí. Mo ṣàlàyé pé ọ̀tún ti òṣèlú la ń sọ, pé ibi táwọn aṣòfin ilẹ̀ Faransé jókòó sí lọ́dún 1789 ló fa orúkọ náà, àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ọba ló jókòó sápá ọ̀tún. Màmá ní ẹni tó bá gbè sẹ́yìn ọba, kí ló ṣe?

Cas Mudde, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands kan, pín àwọn ọ̀tún paraku sí méjì: àwọn tí kò fẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa rárá, àtàwọn tó gbà pé ká dìbò, àmọ́ tí wọn ò fẹ́ kí òfin dáàbò bo ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Bàbá onílé mi ní Barking, ní London, ará Ìjẹ̀bú, ò nílò ọ̀mọ̀wé ní tiwọn. Ojú wọn ló ṣe ní 2006, nígbà tí BNP, ẹgbẹ́ ọ̀tún paraku kan, gba ìjókòó 12 ní káńsù Barking and Dagenham. Ìwé òfin ẹgbẹ́ yẹn ò gba aláwọ̀ dúdú wọlé, àfìgbà tí ẹjọ́ fipá mú wọn yí i padà ní 2010. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pàdánù ìjókòó méjèèjìlá. Bàbá ṣì máa ń fi ìka kà á, "Méjìlá! Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan."

Reform kì í ṣe irú ìyẹn. Zia Yusuf, Mùsùlùmí tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sri Lanka, ti ṣe alága wọn rí. Wọn ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n pe àwọn ní ọ̀tún paraku. BBC tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lórí ẹ̀ ní 2024.

AfD ńkọ́? Ọ̀rọ̀ owó Yúrò ló bí i ní 2013. Gbèsè Gíríìsì ló ń dun àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó dá a sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtìpó. Lẹ́yìn tí àwọn ogúnléndé rọ́ wọ Jámánì ní 2015 ló di ohun tó dà lónìí, tó fi mú ipò kejì pẹ̀lú 20.8% ìbò ní 2025. Ní 2024, ọ̀kan nínú wọn sọ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ SS, àwọn ọmọ ogun Hitler, ni ọ̀daràn, ni Marine Le Pen, olóṣèlú ọ̀tún paraku ní Faransé, bá ní ẹgbẹ́ òun ò bá wọn jókòó mọ́ ní ilé aṣòfin Yúróòpù. Le Pen o! Ọmọ ẹni tó wà nídìí ẹgbẹ́ Front National láti 1972, tó sì lé bàbá ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 2015. Ti Wilders ní Netherlands ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: òun nìkan ṣoṣo ni ọmọ ẹgbẹ́ PVV, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, lábẹ́ òfin.

Ní Bràsíl, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ àtìpó púpọ̀ lẹ́nu Bolsonaro, ààrẹ wọn tẹ́lẹ̀. Ìbọn, ọ̀daràn, àtàwọn pásítọ̀ ni tiẹ̀.

Nítorí náà mo kọ ọ́ sí àbúrò mi pé rárá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àmọ́ ní September 2025, Reform ní táwọn bá wọlé, àwọn máa fòpin sí ìwé ìgbé gbére tí gbogbo wa ń pè ní ILR. Labour, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba nígbà náà, tí ẹnikẹ́ni ò pè ní ọ̀tún paraku, ti dábàá ṣáájú wọn lọ́dún yẹn pé kí ọdún márùn-ún tá a fi ń dúró dè é di mẹ́wàá.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. "Ẹ̀gbọ́n mi, mélòó ló wá kù fún yín?"

Mo ní oṣù mẹ́rìnlá, tí wọn ò bá yí i.