Ìdajì Àwo Ìkọ́kọrẹ́

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá mi àgbà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá òsì, jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó wọn gbé síwájú wọn, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n sì ń kùn pé oúnjẹ náà kéré. Bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ wà lápá òsì àwo digbí, tòun tẹja. Mo ní kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ẹ̀gbẹ́ kejì wo?" Ìyá kò bá wọn jiyàn, wọ́n kàn yí àwo náà po, ni Bàbá bá tún gbé ṣíbí, wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n ti bu ìyẹn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará ilé ní agídí àgbà ni, àwọn kan ní ojú ló ń dùn wọ́n. Ojú wọn kò ṣe nǹkan kan. Apá ọ̀tún ọpọlọ, tó ń darí apá òsì ara, ló fara gbá a, òun gan-an ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fífi ọkàn sí ohun tó yí wa ká, nítorí náà ojú Bàbá ń rí apá òsì, ọkàn wọn ni kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún 1978, àwọn olùwádìí ọpọlọ méjì, Edoardo Bisiach àti Claudio Luzzatti, ní kí àwọn aláìsàn méjì tí irú èyí ṣe ní Milan, ní Ítálì, fọkàn yàwòrán gbàgede ìlú wọn, bí ẹni tó dojú kọ kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀. Ilé apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń dárúkọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà ní kí wọ́n fọkàn dúró sí ẹnu ọ̀nà kàtídírà, kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, àwọn ilé tí wọ́n ti fò ni wọ́n wá ń kà. Mo dán an wò pẹ̀lú Bàbá, mo ní kí wọ́n fọkàn rìn láti ilé dé ọjà: wọ́n ka mọ́ṣáláṣí àti ilé ìlọta, wọn kò ka ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, nígbà tí mo ní kí wọ́n máa padà bọ̀ wálé, aránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ kí.

Ẹnu wọn ṣì já geere, nítorí pé apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ fi ṣe ilé lára ọ̀pọ̀ jù lọ wa. Ọkùnrin tí dókítà Paul Broca yẹ̀ wò ní Paris lọ́dún 1861, tí iwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì bàjẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ ju "tan" lọ (ará Ìjẹ̀bú tó bá gbọ́ ọ á rò pé oúnjẹ ló tán). Àwọn tó ń sọ pé apá ọ̀tún ọpọlọ ni ti olórin, apá òsì ni ti oníṣirò, ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni. Apá méjèèjì ni gbogbo wa ń lò.

Apá òsì ni mo ń gbà kí Bàbá báyìí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwòsàn. Mo máa ń kí wọn tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó yí ọrùn.