Àpò ọkà karùn-ún

Tí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ló ń mú ọjà wọ́n, èsì tó máa ń yá wọn lẹ́nu ni pé wàhálà tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ ni. Èrò àgbà ni wọ́n sọ yẹn o. Adam Smith, àgbà onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ọ́ ní 1776 pé láyé àtijọ́, tí iṣẹ́ tí ọdẹ máa ṣe kó tó pa ẹranko beaver bá jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó máa ṣe kó tó pa àgbọ̀nrín, beaver kan á gba àgbọ̀nrín méjì. David Ricardo gbé e síwájú ní 1817, Karl Marx náà sì gbé tiẹ̀ lé e ní 1867.

Mo fẹ́ràn èrò yìí torí pé ó bọ̀wọ̀ fún òógùn ojú. Ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ìsọ̀ màmá mi ní Bódìjà. Tòmátì tó ti òkè Ọya dé láàárọ̀, àwọn alásè á máa du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ bá ti ń ro omi, màmá mi á dà á sórí àpò, á ṣa èyí tó ṣì le sọ́tọ̀, á kó èyí tó ti rọ̀ jọ ní òkìtì-òkìtì, á wá máa ké sí àwọn tó ń kọjá: "Ẹ wá rà á lọ́pọ̀ o!" Iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ kò dín látàárọ̀. Owó ẹ̀ ló dín.

Ní 1871, Carl Menger tẹ ìwé kan lórí ọrọ̀ ajé jáde ní Vienna, ní Austria. Oníròyìn ni kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Níbi tó ti ń kọ ìròyìn ọjà ló ti rí i pé ohun tí àwọn oníṣòwò ń sọ nípa owó ọjà kò bá ti inú ìwé mu. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an nítorí pé ó fetí sí ọlọ́jà. Ó ní bóyá ṣe lèèyàn ṣèèṣì rí dáyámọ́ńdì he ni o, bóyá ó fi ẹgbẹ̀rún ọjọ́ wà á ni o, iye ẹ̀ kò yí padà; bí ẹni tó fẹ́ ẹ ṣe nílò ẹ̀ tó ló ń sọ iye ẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, William Stanley Jevons sọ ohun tó jọ ọ́ ní England, Léon Walras náà sì dé sí i ní 1874. Hermann Gossen, ará Jámánì, ti kọ irú ẹ̀ ní 1854, àwọn èèyàn ò kà á sí, ó sì kú ní 1858. Ó máa ń dùn mí.

Àpẹẹrẹ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ti Eugen von Böhm-Bawerk ni, ọ̀kan nínú àwọn tó tọ ipasẹ̀ Menger. Àgbẹ̀ kan ń dá gbé nínú igbó, ó kórè àpò ọkà márùn-ún. Ọ̀kan ni yóò jẹ kó má bàa kú. Èkejì ni yóò fi jẹ àjẹyó, kí ara ẹ̀ lè dá ṣáṣá. Ẹ̀kẹta, ti adìẹ. Ẹ̀kẹrin, ó fẹ́ fi pọn ọtí. Ìkarùn-ún, odídẹrẹ́ tó ń fi ṣe fàájì ló ni ín. Tí àpò kan bá ṣòfò, ta ni ebi máa pa? Gbogbo kíláàsì á pariwo: odídẹrẹ́! Kódà kó jẹ́ àpò oúnjẹ tara ẹ̀ ló ṣòfò, ti odídẹrẹ́ ni yóò gbé dí i. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí márààrún bá wà nílẹ̀, kò sí ọ̀kankan tí iye ẹ̀ ju ti oúnjẹ odídẹrẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀mí ẹ̀ ló wà nínú àpò yẹn. Omi pọ̀, dáyámọ́ńdì ṣọ̀wọ́n: ohun tó fà á nìyẹn tí omi, tí kò sẹ́ni tó lè bá a ṣọ̀tá, kì í fi í wọ́n tó dáyámọ́ńdì.

Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá ń pe àwọn ìyá ọlọ́jà ní aláìláàánú nígbà ọ̀wọ́n. Tí apẹ̀rẹ̀ tó wọlé bá kéré, àwọn tó ń rà ló ń fi owó lé ara wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní torí Menger gbàgbé àgbẹ̀. Jevons ní iṣẹ́ tí a ti ṣe kọjá kò lágbára kankan mọ́ lórí iye ọjà. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ọjà tó ti wà nílẹ̀. Alfred Marshall ló sọ ìyókù ní 1890: ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé ojú kan nínú ojú méjèèjì sísọ́ọ̀sì ló ń dá gé bébà. Lónìí tí ọjà ti wà nílẹ̀, ohun tí ẹni tó ń rà fẹ́ ló lágbára jù. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni owó tí wọ́n ná sóko á máa lágbára sí i. Àgbẹ̀ tó ta tòmátì, tí owó ẹ̀ kò ká ajílẹ̀ àti owó mọ́tò, kò ní gbìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lásìkò tó ń bọ̀, apẹ̀rẹ̀ tó máa wọ Bódìjà á dín, àwọn tí kò ká lára á kọ́kọ́ yọwọ́, owó á sì máa gòkè títí yóò fi tó ohun tí àgbẹ̀ lè tìtorí ẹ̀ padà sóko.