Ọ̀nà Kò Gbé Wa Mì: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Ẹgbẹ́ Akọrin Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Ẹ bá wa yin Olúwa. Ẹ̀yin òbí tí ẹ yọ̀ǹda ọmọ yín fún wa, ẹ̀yin ìjọ tí ẹ gbà wá lálejò láti Abẹ́òkúta títí dé ilẹ̀ Èkìtì, ẹ̀yin ará oko tí a kò mọ̀ rí tí ẹ sáré tọ̀ wá wá lójú ọ̀nà, èmi tí mo jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ girama wa ni mo dìde lórúkọ àwọn ọmọ náà láti jẹ́rìí pé ìrìn àjò tí ì bá di ẹkún sí wa lọ́rùn ti di ọpẹ́. Ẹ ti ń kí wa kú ewu láti ìgbà tí ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí wa ti tàn, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ti gbé kiri, tó fi jẹ́ pé àwọn kan tilẹ̀ gbọ́ pé a sin ọmọ. A kò sin ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọmọ tí a kó jáde ni a kó padà wálé, àwọn tó fara pa sì ti gbádùn.

Ìsinmi Àjíǹde ni a fi rin ìrìn àjò náà. Èrò wa ni pé kí orin àwọn ọmọ má mọ sínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ nìkan, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀ tí orin ìjọ ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò láàrin wa. Ìbàdàn ni a ti gbéra, nítorí náà Kúdẹtì ni a ti kọ́kọ́ kọrin, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé sí ní ọdún 1853, tí ìyá náà sì ń kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ sínú ilé rẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìwé àti orin. Láti ibẹ̀ a lọ sí Aké ní Abẹ́òkúta, ìlú tí Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wá fìdí iṣẹ́ ìhìn rere múlẹ̀ sí ní 1846. Mo sọ ìtàn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fún àwọn ọmọ níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 tó sì kọrin Yorùbá sórí àwo. Wọn kò kọbi ara sí i títí mo fi sọ fún wọn pé bàbá tó bí bàbá Fẹlá ni. Ìgbà náà ni gbogbo ọkọ̀ pariwo, tí ìbéèrè kò sì tán lẹ́nu wọn mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa orin tí a gbé lọ, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló bi mí léèrè ìdí tí a fi fi ìlù dùndún, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kún dùùrù. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ aludùùrù Kátídírà Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ti la ọ̀rọ̀ náà yé wa tipẹ́tipẹ́: orin tí kò bá ń gòkè níbi tí ohùn Yorùbá ti ń gòkè, tí kì í sì í sọ̀ níbi tí ó ti ń sọ̀, á sọ àdúrà di ohun tí ẹni tó ń gbàdúrà kò ní lọ́kàn. Ètò orin wa dá lórí ẹ̀kọ́ yìí. Orin òyìnbó wà níbẹ̀, a kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn orin tí ohùn wọn bá ọ̀rọ̀ lọ ni a fi ń ṣí ètò tí a sì fi ń parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibikíbi tí a bá dé, àwọn ìyá àgbà kì í dúró de ìwé kí wọ́n tó gbè é.

A kọrin ní Ọ̀yọ́, ní ọgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́ ní ọdún 1896. A kọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898. A sùn ní Òṣogbo. Ní Adó-Èkìtì, òjò àkọ́rọ̀ dé bá wa láàrin ètò, ó sì rọ̀ lu páànù gbọ̀ngàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ohùn àwọn tó wà níwájú mi gan-an. Mo gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ọmọkùnrin tó ń lu dùndún kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó fi ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í kí òjò, ó sì ń dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín títí òjò fi dá, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tí a ti dúró. Àwọn ará Èkìtì kò jẹ́ kí a kúrò láìjẹ iyán, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan owó wa.

Ọjọ́ kejì ni a kọrí sí Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń retí wa fún orin ìrọ̀lẹ́. A yà ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lójú ọ̀nà, kí àwọn ọmọ lè rí ibojì Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, tí wọ́n sì sin sí Ẹ̀fọ̀n nígbà tó papò dà ní 1959. A kọ orin kan níbẹ̀, a gbàdúrà ìrìn àjò, a sì wọ ọkọ̀.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà wà. Bí ènìyàn bá ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà á máa yí kọ́rọkọ̀rọ láàrin òkúta. Apá kan á jẹ́ ògiri òkè, apá kejì á jẹ́ àfonífojì tí ó jẹ́ pé orí igi nìkan lojú ń tó. Bẹ́ẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ gígùn kì í ṣe ibi tí awakọ̀ ti ń tẹ búréèkì láìsinmi. Jíà kékeré ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí búréèkì má baà gbóná débi tí kò ní lè di táyà mú mọ́. Awakọ̀ wa mọ èyí, mo sì gbọ́ nígbà tó yí jíà padà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ṣùgbọ́n búréèkì ọkọ̀ náà ti jẹ tán kí a tó kúrò nílé, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹ́káníìkì ṣe tú u tí wọ́n sì fi hàn wá lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó fi ọkọ̀ háyà fún wa ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tuntun ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ibi tó yẹ kí á ti dárúkọ rẹ̀, a ti dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ń fi ọ̀nà orin Iléṣà dánra wò lọ́wọ́ nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn kígbe pé àwọn ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá dẹ́rẹ́bà ké sí wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ di àga mú, ẹ má dìde!" Ó tún yí jíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké, ó fa búréèkì ọwọ́, kò gbà. Kọ́nà tó ṣe ṣóńṣó wà níwájú wa, àfonífojì sì wà lẹ́yìn kọ́nà náà. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe nígbà náà ni ó jẹ́ kí n wà láàyè láti kọ ẹ̀rí yìí: kò dúró dé kọ́nà. Ó yí ọkọ̀ sí ògiri òkè, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha òkúta lọ gbuurugbu, gíláàsì ń fọ́, irin ń ya, títí táyà fi wọ gọ́tà tí ọkọ̀ sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè.

Èéfín àti eruku gba ibẹ̀ kan. Ẹkún ń ti apá ibi gbogbo wá, àwọn ọmọ ń gba ojú fèrèsé àti ẹ̀yìn jáde, ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn kan, àwọn kan ń pe ìyá wọn. Láàrin rúkèrúdò yìí ni mo ti rí ọwọ́ Ọlọ́run. Gbogbo ẹni tó bá ti wá wo ìfidánrawò wa rí ló mọ̀ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ohùn tirẹ̀, ìbáà jẹ́ soprano (ohùn òkè), alto (ohùn tó tẹ̀lé e) tàbí tenor (ohùn òkè àwọn ọkùnrin), nọ́ńbà yìí ni wọ́n sì ń pè kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí mi ò fẹ́ràn kí n máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ á fi rọ̀. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àwọn akọrin, tí iwájú orí òun fúnra rẹ̀ ti là, dúró sórí òkúta, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é jáde: "Soprano!" Àwọn soprano bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn nínú ẹkún, wọ́n sì pé. Alto pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá òsì tó ti kán. Nígbà tó kan tenor, wọ́n ka dé ẹẹ́fà, kò sì sí ẹni tó dáhùn sí ikeje. Ó tún pè é. Kò sí ohùn.

Ká ní a kò kà wọ́n ni, kò sí ẹni tó máa tètè mọ̀. Ìdí fèrèsé tó fọ́ ni ọmọ náà jókòó sí, ó sì ti fò jáde kí ọkọ̀ tó dúró. Àwọn àgbẹ̀ tó gbọ́ ariwo ti sọ̀ kalẹ̀ láti oko wọn pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan kù, wọ́n ya wọ inú igbó ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń ṣán an lọ sẹ́yìn ní ọ̀nà tí a gbà wá. Ọ̀kan nínú wọn ló ké pé, "Ó wà níbí, ó ń mí!" Mo ṣì ń gbọ́ gbólóhùn yẹn títí di òní.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dé bá wa. Ìyá tó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó ní kí wọ́n já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ tó fara pa sínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbé orí ọmọ tí wọ́n rí nínú igbó náà lé itan títí dé Iléṣà. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó dé lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn tó kù, wọ́n sì ṣọ́ ẹrù wa. A wá ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ lọ kí a lè san owó ọjà rẹ̀. Ó ní àwọn ará oko ti bá òun ṣọ́ ọ, kò sí ìdì kan tó dínkù, kí a fi owó náà ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ.

Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ọmọ náà kò lajú. Mi ò ní pẹ́ lórí òru ọjọ́ yẹn. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà kò fi owó ṣíwájú ìtọ́jú, ìjọ tó ń retí wa sì kó aṣọ, oúnjẹ àti àwọn ọkọ̀ wá, àwọn òbí sì ń ti Ìbàdàn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀, ó lajú, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti kọrin tán. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, àwa náà bá a sun ún, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ tí ara wọn dá, tí òbí wọn sì fọwọ́ sí i, kọrin ní Iléṣà. Dùùrù oníná wa ti fọ́, ìlù nìkan ni a lò. Tenor kò pọ̀ tó, mo sì ní láti bá wọn kọ ọ́. Kí Ọlọ́run dárí ji àwọn tó yìn mí níbẹ̀.

Lónìí, wọ́n ti tú ohun tí wọ́n fi de apá ọmọ alto wa, ó sì ti ń kọ̀wé. Tenor keje ti padà sí kíláàsì, egbò orí rẹ̀ ti jiná, àyàfi pé àwọn dókítà ní kó má tíì gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ ló kù. Mo gbọ́ pé àwọn òbí kan ń bú u, wọ́n ní òun ló fẹ́ pa ọmọ àwọn. Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, ọpẹ́lọpẹ́ ọkùnrin yìí ni. Ì bá ti fò jáde gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń ṣe. Ó jókòó ti sítíárì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi há sábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà kán ní ọrùn, kò sì tíì lè wakọ̀ padà. Ó ní ìyàwó àti ọmọ tó ń bọ́.

Nítorí náà, ìsìn ìdúpẹ́ wa yóò wáyé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ bá ti jáde. Owó ìdúpẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni yóò lọ, kó fi parí ìtọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì fi gbọ́ bùkátà ilé títí yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́. A ti ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ náà, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, nítorí àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ kọrin wọlé, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó kí wọ́n tó wọlé tán.