"Inú ń run mí": ẹ̀kọ́ tí ọmọ ọdún márùn-ún kọ́ mi

Ẹ̀yin olùkọ́ nọ́sìrì ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì pé oṣù mẹ́ta, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ kí ohùn mi má gbọ̀n. Mò ń kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é láràárọ̀.

Lágere níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Òfin ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀: bí ọmọ bá ti kọjá géètì, Yorùbá ti di èèwọ̀. Ọmọ tó bá sọ ọ́, yóò kúnlẹ̀. Mo fara mọ́ òfin náà. Torí Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí ṣe ń sanwó, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi rántí ìyẹn.

Ọmọbìnrin kan wá bá wa nígbà tí táàmù ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí ẹnu àgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbọ́ kí mi: "My grandma, they are greeting you." Mo dá a dúró lójú gbogbo kíláàsì: "She is! Not they are!" Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gbá ìyá àgbà lójú. Ta ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó máa pe ìyá ìyá rẹ̀ ní "ó"? "Wọ́n" ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni ọmọ náà gbé wá sínú Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fi bírò pupa fagi lé e.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń wí yìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti bíréèkì dé. Ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ rẹ̀ mú níbi ikùn.

"Àǹtí, inú ń run mí."

Mo gbé ọwọ́ sókè. "Speak English."

Ó dákẹ́, ó ronú. "Àǹtí, stomach."

Ẹ̀yin ará, ọmọ yẹn ti sọ ọ́! Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n mo ní, "Complete sentence," mo sì dorí kọ ìwé tí mò ń máàkì. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí lókè orí mi. Ó ní, "My stomach," ó dúró. Ó tún ní, "My stomach." Kò mọ ohun tí "ń run" ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi gan-an ni mi ò tíì kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mi ò fún ọmọ ni mò ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mo máa fi gbójú sókè, ìgbẹ́ gbuuru ti ṣàn wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun ẹsẹ̀ rẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò sunkún. Ètè rẹ̀ ṣì ń mì. Ó ṣì ń wá gbólóhùn yẹn.

Mo wẹ̀ ẹ́, mo fọ ìbọ̀sẹ̀ náà. Láti ọjọ́ kejì, kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní kíláàsì, ìbáà ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe Yorùbá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyá àgbà wá, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Àǹtí, ọmọ mi lẹ́nu nílé. Ẹ bá mi wo ibi tó ń gbé ẹnu rẹ̀ sí bó bá dé ọ̀dọ̀ yín." Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹ jẹ́ kí ọmọ fi Yorùbá sọ ohun tó ń ṣe é ná. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí i lẹ́nu: "My stomach hurts." Lójú ọ̀nà ilé ìgbẹ́ ni kí ẹ ti kọ́ ọ, kì í ṣe nídìí tábìlì.

Mi ò ní kí a má kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì o. Òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé Yorùbá máa ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kó wo Mọdákẹ́kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A". Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka èyí nígbà tí mò ń ṣe NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Mo fi yege ìdánwò, mo sì wọ kíláàsì lọ kọ́ àwọn ọmọ láti kúnlẹ̀.

Ẹ má sì lu ọmọ nítorí ahọ́n. Ọmọ tó pe "milk" ní "mílíìkì" kì í ṣe olódo. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra, bí "bread" ṣe di búrẹ́dì fún gbogbo wa nìyẹn. Bí kò bá mọ "fan" yàtọ̀ sí "van", ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀fun, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí "v" ti ń kùn. Wọ́n fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ní la ẹnu tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ náà ni: kó sọ ọ́ ní Yorùbá ná.

Mo bẹ ọ̀gá wa, wọ́n gbà kí n yọ òfin náà kúrò ní kíláàsì tèmi. Mo bẹ ọmọ náà pẹ̀lú, ní Yorùbá. Orin tí a fi ń tọ́ka sí ẹ̀yà ara ló kọ́kọ́ dá ohùn rẹ̀ padà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fa ọmọkùnrin kékeré kan lọ́wọ́ wá sídìí tábìlì mi. "Àǹtí, inú ń run ún. Stomach."

Mo ti dìde kó tó sọ ìyẹn tán.