Ta ló ní ẹ̀pa ò bóró mọ́?

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn tuntun bá ti jáde lórí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ yìí, irú èèyàn méjì ni mo máa ń rí. Ọ̀kan á ní irọ́ ni, pé ayé ti ń gbóná ó sì ti ń tutù kí wọ́n tó bí bàbá ńlá wa. Èkejì á ní ó ti parí, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ẹ jẹ́ ká máa jayé orí wa. Ti àkọ́kọ́ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́, ṣebí kò gbà ni. Ẹnì kejì yìí gan-an ló ń bí mi nínú, torí òun gbà pé òótọ́ ni, ó wá fi òótọ́ yẹn ṣe ìrọ̀rí, ó ń sùn.

Ẹ má rò pé mò ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o. Lọ́dún 2015 ní Paris, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ooru ayé ò gbọ́dọ̀ fi dígírì 2 ju bó ṣe wà láyé àtijọ́ lọ, ìyẹn kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú àti epo yàlàyòlò, wọ́n tún ní bó bá ṣeé ṣe kó má kọjá 1.5. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá sígbà yẹn tí 2024 dé, àjọ WMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, ní òun ló gbóná jù látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru, ó sì fi nǹkan bíi 1.55 ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n á ní ọdún kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n fi ń ka àdéhùn Paris, pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ń pa pọ̀ ṣírò, òótọ́ ni, àmọ́ ta la fẹ́ tàn? Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn carbon dioxide, èéfín àìrí tó ń jẹ́ kí ooru há mọ́ ayé, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, bíi ìdá 315 ló wà nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó ti lé ní 420 báyìí, èyí tá a bá sì tú síta lónìí, apá kan nínú ẹ̀ ò ní kúrò lókè yẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Àmọ́ ibì kan wà táwọn elẹ́pa-ò-bóró kì í kà. Kí wọ́n tó ṣe Paris, dígírì tó sún mọ́ 4 ni ìṣirò ń gbé wa lọ tó bá máa fi di 2100. Èyí tí UNEP, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé jáde ní 2025 ní tá a bá ń bá a lọ bá a ṣe ń ṣe yìí, bíi 2.8 ni. Burúkú ni 2.8, mi ò ní kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ló fà á wálẹ̀ kúrò ní 4, kò ṣàdéédéé. Owó iná sólà já wálẹ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ láàárín 2010 sí 2020. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń fi èédú ṣe iná mànàmáná láti 1882, ti ilé iṣẹ́ iná eléèédú tó kù sí wọn lọ́wọ́ pa ní September 2024. Àwọn kan jókòó ṣiṣẹ́ nígbà táwọn kan ń sọ pé ó ti parí.

Ohun tó sì yẹ kó yé wa ni pé dígírì kọ̀ọ̀kan, kódà ìdajì ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. IPCC, ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, sọ ọ́ ní 2018 pé tó bá dúró sí 1.5, iyùn abẹ́ òkun tẹ́ja ń sá sí, ìdá méje sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀ á kú, tó bá wá di 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan. Torí náà tá a bá kọjá 1.5, 1.6 ló kàn láti jà fún, tíyẹn náà bá lọ, 1.7.

Ìyẹn ti dídín èéfín kù. Ti ká má kú sínú èyí tó ti dé ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ káwọn èèyàn wò dáadáa. Ìjì tó jà ní 1970 níbi tó di Bangladesh lónìí pa tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ó kéré tán. Ìjì Amphan dé ibẹ̀ ní 2020, ìjì ńlá lòun náà, àwọn tó kú ní Bangladesh ò tó àádọ́ta. Kì í ṣe pé wọ́n lówó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìkan. Wọ́n kọ́ ilé ààbò oníkọnkéré sórí òpó gíga, wọ́n wá kó àwọn ará àdúgbò fúnra wọn jọ, tí wọ́n á ta àsíá sókè, tí wọ́n á gbé gbohùngbohùn rìn láti ilé dé ilé pé ìjì ń bọ̀ o, ẹ jáde. Àwọn kan ò sì jáde. Kí ló dé? Màlúù wọn! Ta ló máa fi gbogbo ohun tó ní láyé sílẹ̀ fún omi? Ni wọ́n bá tún kó iyẹ̀pẹ̀ jọ di òkè fáwọn màlúù náà. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì á kàn sọ pé olóríkunkun ni wọ́n.

Irú ẹ̀ náà ni ti ooru. Lọ́dún 2003, ooru pa ju 70,000 èèyàn lọ ní Yúróòpù, àwọn arúgbó ló pọ̀ jù, òmíràn dá nìkan wà nínú yàrá tẹ́nikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ilẹ̀ Faransé ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ìwé orúkọ àwọn arúgbó tó dá gbé, kí wọ́n máa pè wọ́n lórí fóònù tí ooru bá mú. Ìpè lásán o! Kò ná ẹnikẹ́ni ní ohun tó pọ̀.

Èyí ò ní dá omi òkun dúró ṣá. Ibi tí òkun bá ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́, àwọn tó ń padà sẹ́yìn níbẹ̀ kọ́ ló sì sun epo tó pọ̀ jù, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú, àwọn tó sun ún sì ní owó láti san. Nípa kéèyàn máa ka èéfín tóun nìkan ń tú, kò burú, àmọ́ ilé iṣẹ́ epo BP ló ná owó ìpolówó gidi sórí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ fi sọ́kàn.

Torí náà tẹ́nì kan bá bi mí pé kí lòun fẹ́ ṣe, èmi ò ní sọ pé kó lọ ra nǹkan. Kó lọ bá ẹni tó ń ṣojú ẹ̀ nínú ìjọba, kó bi í pé tómi bá dé lóru, ta ló ń kéde, níbo là ń sá sí, ta ló mọ ilé àwọn arúgbó tó dá wà, ìgbà wo lẹ máa ti ilé iṣẹ́ iná eléèédú tẹ́ ẹ bá ní pa. Tí wọ́n bá yí i síwá sẹ́yìn, kó padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó mú àwọn aládùúgbò ẹ̀ dání.