Ògbufọ̀ láàárín ìyá mi àti ọmọ mi

Ìyá pè láti Ọ̀fà lọ́jọ́ Àìkú. Mo na fóònù sí ọmọ mi, ọmọ ọdún 9. Bí Ìyá ṣe ń kì í ní "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín" lọ́hùn-ún, ọmọ yọ fóònù létí, ó fi Faransé bi mí ìgbà tí yóò parí.

"Kí ló wí, Àkànní?"

"Ó ní ẹ ṣeun, Ìyá."

"O purọ́. Ta ní ń dúpẹ́ tó ń mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, irú irọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó oṣù lé lórí fún mi! Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìjọba wa lọ fún ìjọba ẹlòmíì, tí mo ń fi oyin sí i lójú ọ̀nà. Akọ̀wé kẹta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ilé aṣojú ìjọba wa ní Dakar. Kejì, kìíní. Nígbà tí mo di kánsẹ́lọ̀, ipò tó tẹ̀lé e lẹ́nu iṣẹ́ aṣojú, ará ilé ní wọ́ọ̀dù wo ni mo wọlé sí. Ní báyìí tí wọ́n kọ "mínísítà", ipò mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ yìí kan náà, sí káàdì mi ní Geneva, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ránṣẹ́ pé kí n bá wọn da ọ̀dà sójú ọ̀nà. Mínísítà tó ń tò sórí ìlà bọ́ọ̀sì!

Àtẹ̀gùn kan ló kù, ti áńbásẹ́dọ̀, ọwọ́ Ààrẹ nìyẹn sì wà. Olóṣèlú tí kò ṣe akọ̀wé ẹnikẹ́ni rí lè gbà á. Nígbà tí Ààrẹ pe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn áńbásẹ́dọ̀ wa wálé ní September 2023, àwa ọmọ iṣẹ́ ló ku àwọn fáìlì sí lọ́wọ́. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ta ni kí n gbé ṣubú?

Addis Ababa ni mo wà nígbà tí Bàbá kú. Àárọ̀ ni wọ́n pè mí. Ẹ kúkú mọ bí tiwa Mùsùlùmí ṣe rí: kí wọ́n tó kí Àsárì, ó ti wọlẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo dé. Àbúrò mi tó ń ta irin ní Owódé ló wọ sàréè lọ gbà á. Lọ́jọ́ náà, òun ni àkọ́bí.

Ìyá ò sì tíì pa fóònù. Ó ní kí n gbé e sétí ọmọ padà, kí n má sì túmọ̀ ohunkóhun mọ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín". Mo bọ́ síta.